Mo fẹ́ kọ ìrántí ayé mi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n bí ìwé ìwáṣẹ́ ló ń jáde

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ mi sì ti fọ́n káàkiri, àwọn kan wà lókè òkun. Wọ́n ní kí n kọ ìrántí ayé mi sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tiwọn lè rí i kà. Mo ra ìwé ńlá kan, mo jókòó tì í. Ohun tó ń jáde nìyí: wọ́n bí mi ní Ìsánlú, mo kàwé níbẹ̀, mo kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, wọ́n dá Kogí sílẹ̀, a kó lọ sí Lọ́kọ́jà, mo fẹ̀yìntì. Ojú ìwé díẹ̀, ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ ọkàn mi kún dẹ́nu.

Ohun mìíràn tún ń dí mi lọ́wọ́. Nígbà tí a wà ní kékeré, abà tí bàbá wa ń kó kòkó gbígbẹ sí jóná lóru. Èmi mọ̀ dájú pé èmi ni mo gbé àbúrò mi ọkùnrin jáde. Òun ní rárá, ìyá wa ni. Èmi ní ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, òun ní òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni kí n kọ?

Ọ̀rọ̀ kan sì wà láàárín ìyá mi àti orogún rẹ̀ tí n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n fi ọwọ́ kàn. Àwọn méjèèjì ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn wà láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kọ irú rẹ̀ rí, kó là mí lóye. Ṣé Yorùbá ni kí n sì fi kọ ọ́ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ Ìjùmú

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí yín. Kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ ìbí ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún wa, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Ẹ mú bébà òfìfo, ẹ ya agbo ilé tí ẹ gbé dàgbà. Kò ní kó lẹ́wà. Ibo ni ilé ìdáná wà? Ibo ni kànga? Ilẹ̀kùn ta ló kọjú sí ti ta? Igi wo ni wọ́n ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, ta ni wọn kì í jẹ́ kó jókòó níbẹ̀? Nígbà tí mo ya tiwa ní Ìyàrà, n kò tíì dé ẹ̀yìnkùlé tí mo fi rántí àǹtí bàbá mi tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ àárọ̀, tí kò sẹ́ni tó lè kọjá lọ sí oko láì kí i. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ọjọ́ ìbí mi kò sì tíì wọ inú rẹ̀ títí di òní.

Tíṣà Kábà

Àbúrò, o káre. Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Ìjùmú sọ nípa agbo ilé dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ìrántí kì í gbé ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí o kò bá so ó mọ́ nǹkan kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún 7 yóò bá ti ọmọ ọdún 12 pọ̀, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ bí o ṣe tóbi tó nígbà tí nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń wá ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, mo sì ń fi tèmi tì í. Ní 2 oṣù Kẹrin 1972 ni gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Bi ara rẹ pé: ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí ibi báyìí, apá ibo ló ń gbà? Ní 1 oṣù Kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Nígbà tí ìyá rẹ rán ọ lọ́jà, owó wo ló fún ọ? Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó parí ní 1970. Ní oṣù Kẹsàn-án 1976 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, tí kíláàsì kún débi pé àwọn ọmọ ń kàwé lábẹ́ igi. Ṣé o ti jáde iléèwé kí ó tó di ìgbà náà?

Ti abà yẹn, má kọ́kọ́ jiyàn pẹ̀lú àbúrò rẹ lórí ọyẹ́ àti òjò. Bi í pé: kòkó wo ló wà nínú abà? Èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó wa, láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án dé ìparí ọdún ni à ń ká a. Bí abà bá kún fọ́fọ́ nígbà tó jóná, ọyẹ́ tìrẹ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyókù díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ òjò.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo júbà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí a fi ọdún há Màmá mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣàyẹ̀wò ọdún ní gbogbo ìlà, ìwé ìtàn ni wọn yóò kọ, kì í ṣe ìrántí. Ọmọ tó wà lókè òkun lè wá ọdún tí náírà dé fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Ohun tí kò lè rí níbòmíràn ni bí owó kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ṣe rí lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀, ohun tó fi í rà, àti bóyá ẹni tó ń tà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ó kọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ tán. Tó bá yá, kí ẹ wá ọdún. Bí ẹ bá sì ń wá ìwé tó dájú, ilé ìjọsìn máa ń tọ́jú orúkọ ìrìbọmi àti ìgbéyàwó, iléèwé ń tọ́jú orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé. Ní tiwa ní Ẹ̀gbẹ̀, láti 1908 tí Tommy Titcombe ti dé ni àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) ti wà láàárín wa, ìgbà kan náà ni nǹkan àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ lọ sí Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba ní Ìbàdàn.

Tíṣà Kábà

Kì í ṣe Ìbàdàn, ọmọ mi. Kàdúná ni. Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n Àríwá ni òyìnbó kó wa sí. Lábẹ́ Kabba Province ni a wà, Lọ́kọ́jà sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí Ìbàdàn láti wá ìwé àwọn ẹ̀yà wa, bíi Yàgbà tàbí Òwé, yóò pàdánù owó ọkọ̀. Ní 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, a bọ́ sí Kwárà, ìwé ìgbà yẹn wá di ti Ìlọrin.

Ìtàn tí àwọn ọmọ wa ń gbé lára láì mọ̀ nìyẹn, àbúrò. Ilé ìyá rẹ kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n o ti gbé ní Àríwá, o ti gbé ní Kwárà, o ti gbé ní Kogí. Jọ̀ọ́, má ṣe kọjá ìyẹn ní gbólóhùn kan. Àwọn ọmọ rẹ yóò fẹ́ mọ bí ó ṣe rí lára ẹ̀yin tí wọ́n ń gbé láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́jà

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín Màmá àti àbúrò wọn, nítorí ó jẹ mọ́ ohun tí mò ń kọ́.

Ní 28 oṣù Kìíní 1986, ọkọ̀ Challenger tí Amẹ́ríkà fi ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfurufú bú gbàmù lójú ọ̀run. Lọ́jọ́ kejì, Ulric Neisser àti Nicole Harsch, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìrántí ẹ̀dá, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kọ ọ́ sílẹ̀: ibo lo wà nígbà tí o gbọ́, ta ló sọ fún ọ, kí lò ń ṣe? Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 2 àti ààbọ̀, wọ́n tún bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́. Ẹni tó kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹnìkan ló wá sọ fún òun ní kíláàsì lè sọ báyìí pé orí tẹlifíṣọ̀n ni òun ti rí i. Ó sì dá wọn lójú ṣáká. Nígbà tí wọ́n fi ìwé ọwọ́ ara wọn hàn wọ́n, ìrántí àkọ́kọ́ kò padà.

Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Gbogbo ìgbà tí a bá rántí nǹkan, ńṣe ni ọpọlọ ń tún un kọ́, ó sì lè fi ohun tí a gbọ́ lẹ́yìn náà, fọ́tò, tàbí ìtàn tí ẹbí máa ń sọ nídìí oúnjẹ dí àlàfo. Nítorí náà, Mà, ẹ bi ara yín: ìgbà wo ni mo kọ́kọ́ sọ ìtàn abà yìí, ta ni mo sọ ọ́ fún? Kí ni mo rántí lára: òórùn, ìwúwo ọmọ náà, ibi tó fi orí lé? Kí sì ni mo rántí nítorí pé wọ́n sọ ọ́?

Ó tún ní ohun tó lè fi ọkàn yín balẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí ti rí i léraléra pé tí àgbàlagbà bá ń rántí ayé rẹ̀, láti ọjọ́ orí 10 sí 30 ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Bí ìgbà iléèwé àti ìgbà tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bá ń rọ́ wá, tí àwọn ọdún 45 sí 55 kò sì mú nǹkan wá, kò túmọ̀ sí pé àrùn ni. Ẹ kọ èyí tó ń wá.

Ìyá Búnú

Ọmọ mi, o mọ̀wé, Ọlọ́run yóò fi kún un. Ṣùgbọ́n ṣé kí á wá máa ṣiyèméjì sí ohun tí ojú wa rí? Bí Nọ́ọ̀sì bá ní òun gbé ọmọ jáde nínú iná, ẹni tó gbé ọmọ mọ̀ pé òun gbé ọmọ. Àbúrò rẹ̀ kéré nígbà náà. Kí ló fẹ́ rántí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́jà

Mà, n kò ní kí wọ́n ṣiyèméjì débi pé wọn kò ní kọ ọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdánilójú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti àbúrò. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló gbé e: Màmá gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ìyá wọn gbà á. Ọmọ náà rántí ọwọ́ tó gbẹ̀yìn.

Ìyá Búnú

Ìyẹn yé mi.

Tèmi ni pé èmi kò lè jókòó kọ nǹkan gígùn, ojú mi kò gbà á mọ́. Inú fóònù ni mo ń sọ ọ́ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Ní Búnú a máa ń hun aṣọ pupa tí wọ́n ń lò nígbà ìsìnkú àgbà. Mo mú ọ̀kan tó kù nínú àpótí ìyá mi lé itan, mo tan fóònù, mo sì ń sọ ohun tí ọwọ́ mi bá kàn: ẹni tó hun ún, ẹni tí wọ́n fi sin, ẹni tó bínú nítorí pé wọn kò fún òun. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́ jáde. Nọ́ọ̀sì, wá nǹkan tí o lè fọwọ́ kàn. Oríkì ìdílé rẹ náà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì ọ́ létí. Wàá rí i pé ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Sísọ sínú fóònù dára fún kíkó nǹkan jọ, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ohun tí ó bá jáde ti di ìwé. Nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ojú àti ọwọ́ ń bá a sọ díẹ̀ níbẹ̀. Lórí bébà, wọn kò sí. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ jáde, ẹ kà á sókè, kí ẹ gé ibi tí ẹ ti pààrà, kí ẹ sì fi ohun tí ojú yín ń sọ nígbà náà kún un.

Ọmọ Yàgbà Lókè Òkun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè èdè, nítorí irú ọmọ tí Màmá ń kọ̀wé sí ni mo jẹ́.

Bàbá mi kọ ìrántí tiwọn ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó lọ. Mo ti kà á láìmọye ìgbà. Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì ni, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Mo rí ibi tí wọ́n ṣiṣẹ́, mo rí ọdún tí wọ́n gba ìgbéga, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn wọn níbì kankan nínú rẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní. Bàbá mi kì í bínú ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í gbàdúrà ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá, ẹ bá mi fi Yorùbá kọ ọ́. A óò wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ohùn yín ni kò sẹ́ni tó lè bá wa wá lẹ́yìn yín.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Mo gbọ́ ọ, ó sì dùn mí fún ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò lè ka Yorùbá rárá. Ìwé tí wọn kò lè ṣí kò wúlò fún wọn. Ohun tí mo rò ni kí Màmá kọ kókó ìtàn ní èdè tó bá kọ́kọ́ wá sí ọkàn wọn, ì báà jẹ́ ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́la, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ènìyàn jáde dúró bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ìyá wọn bá fi Yàgbà bá wọn wí, Yàgbà náà ni kí ó wà níbẹ̀, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Ìyá Ìsánlú kan kì í sọ̀rọ̀ bí ìwé kíkà iléèwé.

Lọ́yà Mọ̀pà

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ti orogún, nítorí ẹ ti gbàgbé rẹ̀.

Lábẹ́ òfin, ẹni tó ti kú kì í pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì lè pe ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láti gba owó ìtanràn nítorí orúkọ òkú nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí ọ̀rọ̀ òkú ti ń kan alààyè. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹnìkan ló jí owó kòkó, tí ẹni náà wà láyé, ó lè pè yín lẹ́jọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ lọ́nà tó fi hàn pé ọmọ báyìí kì í ṣe ọmọ bàbá yín, ọmọ náà lẹ ti bà jẹ́. Òótọ́ ń gbani là ní kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, “ìyá mi ló sọ fún mi” kò sì ní tó. Yíyí orúkọ padà náà kò tó, bí gbogbo Ìsánlú bá lè fi ìka tọ́ ẹni náà. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún títà, ẹ fi orí ìwé yẹn han agbẹjọ́rò kan kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Bí ó bá sì jẹ́ ti ìdílé nìkan, ẹ rántí pé WhatsApp ìdílé kì í pẹ́ di ti ìlú.

Ọmọ Ìjùmú

Lọ́yà ti sọ ti òfin. Ti ìwé fúnra rẹ̀ tún wà, Mà. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, kí ẹ má ṣe kọ ìdájọ́. Ẹ rí i pé ìyá yín àti orogún wọn ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ báyìí. Ẹ rí ẹni tó kọ́kọ́ dé nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbìyànjú láti kọ ojú ìwé kan bí ẹni pé ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà orogún náà, tí ẹ ń wo yàrá ìyá yín láti ibẹ̀. Ó lè má wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n yóò yí bí ẹ ṣe ń kọ ìyókù padà.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Irú ìwé yìí ń fẹ́ méjèèjì: ọmọdé tó rí nǹkan tí kò yé e, àti àgbà tó ń wò ó lónìí. Bí àgbà nìkan bá ń sọ̀rọ̀, ìwàásù ni. Bí ọmọdé nìkan bá ń sọ̀rọ̀, a kò ní mọ ìdí tí ẹ fi ń sọ ọ́ fún wa.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Ẹ ṣé, ẹ ṣé o. Mo ti ya agbo ilé. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi àdógán.

Mo gbìyànjú ti 1991 nítorí ohun tí Tíṣà sọ. Ẹ wò ó:

“Ní ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ní láti kúrò ní Ìlọrin lọ sí Lọ́kọ́jà. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ìgbà náà le púpọ̀. Ilé ṣòro, ooru mú. A jìyà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kó wa yọ.”

Ọmọ Ìjùmú

Mà, gbogbo rẹ̀ ni mo gbà gbọ́, n kò sì rí ìkankan. “Ìgbà náà le.” Báwo? “A jìyà.” Ìyà wo? Kí ló wà nínú ọkọ̀ tó kó ẹrù yín? Ta ló jókòó níwájú? Kí lẹ fi sílẹ̀ ní Ìlọrin? Kí ni àwọn ọmọ ń béèrè lójú ọ̀nà? Ibo lẹ sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́?

Tíṣà Kábà

27 oṣù Kẹjọ 1991 ni ọjọ́ náà gan-an. Fi í síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o máa lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ yọ “Ọlọ́run kó wa yọ” kúrò. Gbogbo ènìyàn ló ń fi parí ọ̀rọ̀, kì í sì í jẹ́ kí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Búnú

Kí ló dé tí yóò yọ Ọlọ́run? Bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló kó wọn yọ, kí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ọwọ́ ẹni tí Ọlọ́run gbà ṣe é. Ẹnìkan ló fún wọn ní yàrá, ẹnìkan ló fún wọn lómi. Kí ó dárúkọ oore náà.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Mo fara mọ́ èyí, Mà. Ó sàn ju ohun tí mo sọ lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Mo ti tún un kọ. Ó pẹ́ díẹ̀ nítorí mo pe àwọn ọmọ láti bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rántí.

“Ọkọ̀ akẹ́rù ti kún kí ó tó kan ọlọ ìyá mi. Awakọ̀ ní òkúta pọ̀ ní Lọ́kọ́jà, kí n fi í sílẹ̀. A gbé ìyá ọlọ fún aládùúgbò wa ní Ìlọrin. Ọmọ ọlọ ni mo dì sínú ìró, mo gbé e lé itan mi níwájú ọkọ̀, mo sì gbé àbíkẹ́yìn mi lé ẹsẹ̀ kejì. Láti Ìlọrin títí a fi dé, ó ń bi mí pé ọjọ́ wo la máa padà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn 27 oṣù Kẹjọ 1991 ni. Gbogbo ọmọ Kogí tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin ló ń bọ̀, ilé kò sì tó. Obìnrin Ẹ̀bìrà kan tí n kò mọ̀ rí ló fún wa ní yàrá kan. Ó ní kí a san owó rẹ̀ nígbà tí ìjọba bá san tiwa. Ní alẹ́, ooru lé gbogbo ilé jáde sí àgbàlá. A tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, àwa tí a kò tíì mọ orúkọ ara wa, ọmọ ta ló ń sunkún la fi ń mọ ẹni tó jí.

Nígbà náà mo rò pé iṣẹ́ la ń bá lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ kí n tó mọ̀ pé láti ọdún náà ni àwọn ọmọ mi kò ti pe Ìlọrin ní ilé mọ́, wọn kò sì pe Lọ́kọ́jà bẹ́ẹ̀ rí.”

Ọmọ Yàgbà Lókè Òkun

Màmá, èyí ni. Mo mọ̀ ọ́, mo lè gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn.

Ọmọ Ìjùmú

Ó dára gan-an. “Iṣẹ́ la ń bá lọ” ni àgbà tó ń wo ẹ̀yìn. Ohun kan péré: ẹ fi ọ̀rọ̀ obìnrin Ẹ̀bìrà náà sí ẹnu rẹ̀. Bí ẹ kò bá rántí gbogbo rẹ̀, ẹ kọ èyí tí ẹ rántí, kí ẹ má hun gbólóhùn gígùn fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́jà

Kí ni àwọn ọmọ sọ, Mà? Ṣé ó bá tiyín mu?

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Àkọ́bí ní lóòótọ́ la sùn níta. Èkejì ní kì í ṣe alẹ́ àkọ́kọ́, pé òjò rọ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́. Mo ti yọ “alẹ́ àkọ́kọ́” kúrò, mo fi “ní alẹ́” sí i.

Mo sì fi ojú ìwé abà ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó pè mí, a sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní abà kún lóòótọ́, nítorí náà ó gbà pé ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó dúró lórí rẹ̀ pé ìyá wa ló gbé òun, pé òun rántí òórùn àdí àgbọn lára rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́jà

Ta ló ń fi àdí àgbọn para nínú ilé yín nígbà náà?

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Gbogbo wa. Ìyá wa ló ń fi pa wá lára.

Tíṣà Kábà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má ṣe wá ẹni tó borí. Kọ tìrẹ, kí o sì ní kí àbúrò rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀, kì í ṣe pé kí ìwọ bá a kọ ọ́. Tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé tó kọjú sí tìrẹ. Fi ọ̀rọ̀ àdí náà síbẹ̀ pẹ̀lú.

Lọ́yà Mọ̀pà

Kí ẹ sì tọ́jú ohun tí ẹ ti kọ sí ọ̀nà méjì ó kéré tán: èyí tó wà nínú ìwé, kí ẹnìkan ya fọ́tò rẹ̀ ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Ikán àti òjò kì í mọ ìwé pàtàkì. Kí ẹ má tíì lọ bá atẹ̀wé kankan.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Ọmọbìnrin mi yóò ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Mo tún ti ránṣẹ́ sí ọmọ orogún ìyá mi tó dàgbà jù, ó wà níbẹ̀ ní Mọ̀pà. Mo sọ fún un pé mò ń kọ̀wé nípa ilé wa, ó ní kí n wá ní Sátidé. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ bi í?

Tíṣà Kábà

Má kọ́kọ́ bi í nípa ìjà. Bi í ní ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n sè jù, àti ẹni tó kọ́ ọ. Mú àwòrán agbo ilé tí o yà dání, kí ó tún un ṣe níbi tí kò bá rí bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù, ṣùgbọ́n sọ fún un kí o tó tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fẹ́ dé ibi ìjà náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọ débẹ̀. Bí kò bá sì fẹ́, jẹ ohun tí ó bá gbé síwájú rẹ, kí o bi í ní ọjọ́ tí ìwọ tún lè padà wá.